Mẹ́ta Ni Mo Kà Wá ní Bodè Ìlú Omi

Òjò ló lé yín wọ ilé mi, ẹ má ṣe bí ẹni pé ìfẹ́ mi ló gbé yín wá. Òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́, ẹni òjò bá rí ni òjò ń pa, ìdí nìyẹn tí Tíṣà Fáníyì tí kì í kí mi lójú ọ̀nà fi jókòó sórí àpótí mi lónìí tí omi ń ro lára ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ súnmọ́ra, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún Àwẹ̀ró ìyàwó mi kó lè gbé ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ kọjá. Tíṣà kò tíì jókòó dáadáa tó ti gbójú sókè wo fọ́tò tó wà lára ògiri yẹn, tó bi mí pé, ṣé èmi ni mo wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji ìyàwó mi. Mo ní kì í ṣe èmi. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà bá a rẹ́rìn-ín, ẹ ní ojú mi ni, imú mi ni, etí mi tó dà bí etí ehoro ni. Ó dáa. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọdẹ kò gbọdọ̀ dìde títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán.

Èmi ni Táyéwò Ọdẹ́ṣínà. Èmi ni mo nawọ́ sínú ihò ọ̀yà tí mo bá ejò níbẹ̀, tí mo ní kí ejò sún kí ọwọ́ mi lè ráyè. Àpá tí ẹ ń wò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yìí, ẹkùn ló fà á, awọ ẹkùn náà ni mo sì jókòó lé yìí. Ẹ fi àpá náà sọ́kàn. Ẹni tó bá sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ọjọ́ tí ẹkùn bá bú ramúramù lẹ́yìn ilé rẹ̀, kó má wá kan ilẹ̀kùn mi.

Èmi pẹ̀lú ẹnìkejì ni a jọ wáyé. Kẹ́hìndé kò pẹ́. Kò tíì lè dá rìn tó fi padà síbi tó ti wá. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa, èyí tó lọ nínú ìbejì kò lọ tán. Bí ìyá mi bá ra fìlà fún mi, méjì ni yóò rà. Bó bá bu ẹ̀wà fún mi, abọ́ méjì ni yóò gbé kalẹ̀. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé, òun ló rán mi ṣáájú pé kí n lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, kí n wá sọ fún òun. Nígbà tí mo di géńdé, tí ẹkùn ti fà mí tán, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ fọtógíráfà, ó ní kó bá òun ya àwọn ìbejì òun. Fọtógíráfà ní kí n jókòó sápá ọ̀tún, ó yà mí. Ó ní kí n bọ́ sápá òsì, ó tún yà mí, ó wá so méjèèjì pọ̀. Fọ́tò yẹn la gbé kọ́ sára ògiri fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àlejò tó bá wọlé a sì máa kí àwa méjèèjì. Àpá ẹkùn wà lójú mi, ó wà lójú Kẹ́hìndé tí ẹkùn kò fà rí, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan kan sí i.

Ní ọdún tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọmọ wa Ọdẹ́bùnmi wá láti Ìbàdàn, ó ní èmi àti ìyá òun ti ṣiṣẹ́ tó, ká lọ gba ọlidé. Mo bi í pé kí ni ọdẹ ń fi ọlidé ṣe. Ó ní àwọn èèyàn a máa lọ sí ìlú tí wọn kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, wọn a máa wò ó, wọn a sì máa ya fọ́tò. Ó fún wa ní kámẹ́rà kan tó rí bí àpótí kékeré, tó jẹ́ pé bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ ni yóò pọ ìwé fọ́tò jáde lẹ́nu. Funfun ni ìwé náà yóò kọ́kọ́ jáde, ojú yóò wá máa yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò burú. Ẹni tí wọ́n rán wá wo ayé, ó yẹ kó wo ayé. Mo sì mọ ìlú tí mo fẹ́ wò, ìlú tí àwọn ọdẹ àgbà máa ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà wá, Ìlú Olómi-lójú-pópó. Àwọn ará àtijọ́ ibẹ̀ ló fi ọwọ́ gbẹ́ odò sí gbogbo ibi tó yẹ kí títì wà, débi pé ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn fi ń lọ kí aládùúgbò rẹ̀.

Igbó Afimúgbọ́rọ̀ ló wà láàárín àwa àti ìlú náà. Afimúgbọ́rọ̀ ni iwin tó ni igbó yẹn, kò ní etí, imú rẹ̀ ló fi ń gbọ́rọ̀, irọ́ a sì máa rùn sí i bí òkú eku. A ò tíì rìn jìnnà tó fi jáde láti inú igi àràbà kan, ó gbá Àwẹ̀ró mú ní etí aṣọ ìró rẹ̀, ó ní bí a kò bá dáhùn ìbéèrè òun, òun yóò fi obìnrin náà ṣe òpó ilé. Ó ní, kí ni ó wọ odò tí kò tutù? Òógùn bò mí. Mo rò ó títí, mo wá fi ọgbọ́n ọdẹ dá a lóhùn pé òjìji ni.

Àwẹ̀ró ń wúkọ́ nídìí ìkòkò. Ó dáa, Àwẹ̀ró ló dáhùn, ṣùgbọ́n èmi ni mo di ìbọn mú nígbà tó ń dáhùn. Iwin náà tú u sílẹ̀. Ó fa imú, ó ní, “Òjìji ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ ń lọ yẹn, òjìji a máa tutù.” A ò mọ ohun tó ń wí, a bá tiwa lọ.

Bodè ìlú náà jẹ́ òkúta gàgàrà méjì tó dúró nínú omi, oníbodè sì jókòó láàárín wọn lórí ọkọ̀. Apá òkè ara rẹ̀ gbẹ bí ewé tábà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin, ẹja kéékèèké ń wọlé wọ́n ń jáde láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wo ojú wa rárá, omi ló ń wò. Ó bèèrè pé àwa mélòó la fẹ́ wọlé. Èmi ń ti ìwé fọ́tò bọ inú kámẹ́rà lọ́wọ́, n kò gbójú sókè. Láti kékeré mi, ẹni tó bá bi mí pé àwa mélòó, n kò yọ Kẹ́hìndé kúrò rí. Èmi, Kẹ́hìndé, Àwẹ̀ró. Mo ní, “Mẹ́ta.”

Àwẹ̀ró kò bá mi jiyàn, òun náà máa ń wí pé ọkùnrin méjì ló fẹ́ òun lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oníbodè wo omi pẹ́ títí, ó sì mi orí. Ó ní mẹ́ta ni, mẹ́ta tó wọlé, mẹ́ta ni yóò jáde, kí oòrùn tó kan omi. Mo rẹ́rìn-ín sí i nínú mi pé oníbodè yìí kò mọ ìṣírò. Mo dúró lẹ́bàá òkúta bodè, mo fẹ àyà, mo ní kí Àwẹ̀ró yà mí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ibì kan rí ju oko yín lọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìlú náà fún yín? Ilé wọn ga, wọ́n wọ omi dé orúnkún bí obìnrin tó ń fọṣọ, àwọn mìíràn sì ti darúgbó débi pé wọ́n fara ti ara wọn kí wọ́n má baà ṣubú. Wọ́n gbẹ́ kìnnìún àti ẹyẹ sára òkúta iwájú ilé. Ọkọ̀ wọn dúdú, ọrùn rẹ̀ gùn. Afárá kan wà láàárín ìlú tó jẹ́ pé ọba tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ọba tó parí rẹ̀ kò mọ ara wọn. A gba ọkọ̀ kékeré kan, èmi ni mo ń tù ú, torí mo ti kọ́ ọkọ̀ títù nígbà tí mo ń ṣọdẹ ọ̀nì. Gbogbo ibi tó bá ti rẹwà ni mo ti ń gbé àjẹ̀ sílẹ̀, tí mo ń dìde dúró, tí mo ń wí pé, “Àwẹ̀ró, yà mí níbí.” Òun náà a ní, “Ẹ ya èmi náà, Bàbá Bùnmi.” Mo ní kó fara balẹ̀, ìwé ìkẹyìn nínú kámẹ́rà, tirẹ̀ ni, mo fi irin ìbọn mi búra fún un.

Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Bí ọdẹ bá wọ igbó tí ẹyẹ kò ké níbẹ̀, ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣọ́ òun. Àwọn ará ìlú yẹn kì í wo ojú ẹni tí wọ́n bá ń kí, omi ni wọ́n ń wò, omi ni wọ́n ń kí. Obìnrin kan yọ orí lójú fèrèsé, ó wo omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa, ó ní ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwẹ̀ró wò mí, èmi náà wò ó. Mo ń tukọ̀ lọ.

Lẹ́yìn afárá la wọ odò tóóró kan tí ògiri gíga wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Nínú omi ibẹ̀ ni mo ti rí èèyàn rẹpẹtẹ tí wọ́n tò jẹ́ẹ́, ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn wọ aṣọ ìrìn-àjò, ọ̀kan tilẹ̀ so kámẹ́rà mọ́rùn. Mo gbójú sókè láti kí wọn, n kò rí ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀. Òjìji wà nínú omi, ẹni tó ni ín kò sí lókè. Àwẹ̀ró ní ká kúrò níbẹ̀ kíá. Ẹ wo ìwà mi: mo ní ibẹ̀ rẹwà, mo ní kó yà mí.

Ebi wá pa èmi, kò pa Àwẹ̀ró. Ìyá arúgbó kan ń ta ẹ̀wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ nídìí ilé pupa kan. Ó wo omi, ó já ewé méjì fún èmi àti ẹnìkejì mi, ó fẹ́ bu ẹ̀wà sí méjèèjì. Mo ní kó bù ú sójú kan, oòrùn ń bọ́ sẹ́yìn ilé, bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ, fọ́tò kò ní dára mọ́. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ kàn mí. Ó ní, “Bàbá Bùnmi, ti Kẹ́hìndé ńkọ́?”

Mo ní, “Kẹ́hìndé ní sùúrù. Oòrùn ni kò ní.”

Mo jẹ ẹ̀wà náà tán, mo fi ìka nu epo ara ewé lá, Àwẹ̀ró sì yà mí bí mo ti ń jẹun. Láti ìgbà tí wọ́n ti já ọmú lẹ́nu mi, n kò jẹ ẹ̀wà kí n má bu ti Kẹ́hìndé sílẹ̀ rí. Kódà nínú igbó, mo máa ń já ewé, mo máa ń gbé tirẹ̀ sí ìdí igi. Ọjọ́ yẹn ni àkọ́kọ́.

Nígbà tí a padà dé bodè, oòrùn ti rẹlẹ̀. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn òkúta. Oníbodè wo omi. Ó ní, “Méjì. Mẹ́ta lẹ wọlé.” Mo ṣàlàyé fún un pé bí a ti ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn, pé ẹnìkẹta ti kú kí eyín mi tó pé. Ó ní ikú kò kan òun, ohun tí omi bá kà ni òun ń kà, omi sì ka mẹ́ta láàárọ̀. Ó fi àjẹ̀ kan omi. Omi gun àtẹ̀gùn, ó mú Àwẹ̀ró ní ọrùn ẹsẹ̀, kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Oníbodè ní bí oòrùn bá kan omi tí iye wa kò bá pé, ìyàwó mi yóò lọ tò pẹ̀lú àwọn tí mo yà nínú odò tóóró, òjìji rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí ayé, kò sì ní sí ẹni tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró lórí ilẹ̀ mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo mọ àwọn tí mo fi ṣe ẹ̀yìn fọ́tò mi. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín, omi ló dà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da omi inú kẹ́tù nù. Èmi tí mo bá ẹkùn jìjàkadì, mo bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní fi pa mọ́ fún yín.

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó ní, “Ẹ da àwọn fọ́tò sílẹ̀ ká wò ó. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kò sí ẹran tó ń rìn tí kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀.”

Mo tò wọ́n sórí òkúta bí a ti yà wọ́n tẹ̀ léra. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ti fẹ àyà lẹ́nu bodè. Èmi nìkan ni mo dúró lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú omi lábẹ́ mi, ọkùnrin méjì ló wà. Ọ̀kan ní àpá ẹkùn. Èkejì rí bí mo ti rí, ó darúgbó bí mo ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dán, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Orí mi wú. A wo èyí tí a yà lábẹ́ afárá, àwọn méjì náà ló wà nínú omi. Nínú ti odò tóóró, àwọn méjì náà wà níwájú àwọn èèyàn inú omi, ẹni tí kò lápá náà sì ti di apá òjìji mi mú bí ọmọdé tí ẹ̀rù ń bà. A wá dé ti ìdí ilé pupa, níbi tí mo ti la ẹnu tí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú omi. Àwẹ̀ró wò ó, ó wò mí. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.

Mo bọ́ sínú ọkọ̀ láti padà lọ wá Kẹ́hìndé nídìí ilé pupa. Omi ti dé orúnkún Àwẹ̀ró nígbà tí mo ń lọ. Mo tukọ̀ débi pé àjẹ̀ ń ké lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo gba odò tóóró, gbogbo àwọn inú omi yẹn yí orí, wọ́n ń fi ojú bá mi lọ, mo sì rí i pé wọ́n ti sún díẹ̀, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn, àyè tó gba obìnrin kan. N kò tún wò wọ́n mọ́. Orúkọ ìyàwó mi ni mo ń pè bí mo ti ń tukọ̀.

Mo bá ìyá arúgbó náà níbi tó ń ha ìkòkò. Mo kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wá ẹ̀wà. Ó ní ti ìsàlẹ̀ ìkòkò ló kù, ó ti jóná díẹ̀, láti ìgbà tí mo ti lọ ni òun ti pa á mọ́ fún ẹni tó ni ín. Mo gbà á, mo pín in sójú ewé méjì. Mo gbé ọ̀kan síwájú mi, n kò fọwọ́ kàn án, mo gbé èkejì lé orí omi. Mo pè é bí ìyá wa ti máa ń pè wá, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Ewé náà léfòó, ó ń yí bìrí. Òjìji ilé ti ń gùn lórí omi. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Ewé náà wá rì wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú kan sì yọ níbi tó rì sí, ojú tèmi tí kò lápá.

“Táyéwò,” ó ní, “ta ló rán ọ wá sáyé?”

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀, díẹ̀ ló kù kó dojú dé. Mo ní, “Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni òun rán mi. Mo ní ó ní kí n tọ́ ayé wò, kí n máa sọ bó ṣe rí fún òun. Ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyí òun kò ráhùn, ohun tí mo bá jẹ, òun jẹ níbẹ̀, igbó tí mo bá wọ̀, òun wọ̀ ọ́. Ó ní ìlú omi yìí ni ibi àkọ́kọ́ tí òun ti ní ojú tí èèyàn lè rí, ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbàgbé òun nítorí fọ́tò. Ó wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé ojú ta ló wà lára ògiri mi nílé. Mo ní ojú mi ni. Ó ní, “Ṣé ẹkùn fà mí rí?” Mo ní ẹkùn kò fà á rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń kí ara mi lára ògiri, tí mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, “Mo fẹ́ fọ́tò tèmi. Yà mí, màá bá ọ lọ.”

Mo nawọ́ mú kámẹ́rà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀.

Tíṣà ń mi orí pé òun ìbá ti tẹ̀ ẹ́. Èmi náà fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Oòrùn ti dé etí òrùlé, mo mọ̀ pé omi yóò ti gun Àwẹ̀ró débi ìbàdí, ìka mi sì ti wà lórí kámẹ́rà. Àfi bí mo ṣe rántí ẹnu mi, bí mo ṣe búra fún obìnrin yẹn láàárọ̀, òun tó yà mí káàkiri ìlú tí n kò yà á lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ìka kúrò. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyọ kan ló kù, ti Àwẹ̀ró ni. Mo ti jẹ ìpín yín lónìí. N kò lè wá fi ìpín tirẹ̀ san án.”

Kẹ́hìndé tẹjú mọ́ mi. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé mo ti fi ẹnu ara mi pa ìyàwó mi. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá wa gan-an ni, n kò sì gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ láti ìgbà tí a ti sin ín. Ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi ohun tí à ń pè ní ìpín. Ó ní kí n tukọ̀, ká lọ bi ẹni tó ni ín.

Nígbà tí a dé bodè, omi ti dé ọrùn Àwẹ̀ró, gèlè rẹ̀ ti ń léfòó. Ojú rẹ̀ lókè ti ṣá, ó rí bí fọ́tò tí kò tíì yọ tán, òjìji rẹ̀ nínú omi ló ń mọ́lẹ̀ sí i. Mo ké sí oníbodè. Ó fi pẹ̀lẹ́ wo omi, bí ẹni tí kò ní ibì kan án lọ. Ó ní, “Mẹ́ta.” Omi sì ṣàn kúrò lára ìyàwó mi, ó fi í sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Oníbodè ní ká jáde kíá, bí oòrùn bá kan omi, òkúta méjèèjì yóò pàdé, wọn yóò sì ti gbogbo wa mọ́nú. Mo di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, mo ń fà á. Bí mo ti ń fà á ni mo ń sọ ohun tí Kẹ́hìndé bèèrè àti ohun tí mo wí fún un. Ó dúró. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín ni mo ti ń bu oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, n kò mọ ojú rẹ̀ rí. Ẹ ya àwa méjèèjì pọ̀.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi oòrùn hàn án. Òkúta ti ń dún lábẹ́ omi, wọ́n ti ń rìn. Obìnrin yẹn yí padà sí etí omi, ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó ti ń kúnlẹ̀ fún àgbà ilé ọkọ, ó ní ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kẹ́hìndé sì sún mọ́ òjìji rẹ̀ nínú omi, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Mo mú èémí dúró bí ìgbà tí mo bá fẹ́ yìnbọn, mo tẹ̀ ẹ́, ìwé funfun jáde. Mo gbá Àwẹ̀ró mú, a fò gba àárín òkúta, etí aṣọ ìró rẹ̀ há sáàárín wọn, ó fà ya. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, àbàtà la rí, àti koríko. Kò sí ìlú.

Ìwé náà ṣì funfun lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí láti wò ó. Mo ní bóyá omi nìkan ni yóò yọ níbẹ̀. Àwẹ̀ró gbà á, ó fi í sí àyà rẹ̀, kò sí ẹni tó yọ ọ́ wò nínú wa títí a fi la igbó já. Afimúgbọ́rọ̀ jáde sí wa, ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó sì yà kúrò lọ́nà. Ó ní ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ máa lọ. Nígbà tí a délé, kí n tó bọ́ bàtà, mo sọ fọ́tò ìbejì ti àtijọ́ kalẹ̀, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ Tíṣà, dìde. Gbé e kúrò lára ògiri, rọra o. Wo Àwẹ̀ró níbi tó kúnlẹ̀ sí, etí aṣọ rẹ̀ kò tíì ya. Wo òjìji rẹ̀ nínú omi. Wá wo ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni kí o wò, wá wo tèmi. Mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ pé omi a máa yí òsì padà sí ọ̀tún, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nígbà náà. Àpá ẹkùn dà? Kò sí. Ẹkùn kò fà á rí. Mo ti wí fún yín pé kì í ṣe èmi, èmi ni mo di kámẹ́rà mú.

Gbé e fún àwọn tó kù kí wọ́n wò ó, kí wọ́n tún gbé e padà sí àyè rẹ̀. Òjò ti dá, mo sì rí i pé kò sí ẹni tó dìde. Ó dáa bẹ́ẹ̀, Àwẹ̀ró ti ń bu ẹ̀wà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan tiyín. Ẹ jẹ́ kó gbé abọ́ ẹ̀gbọ́n mi sábẹ́ fọ́tò ná, ká tó jẹun.